Ẹni Tí Ó Bá Mi Du Ipò, Tí Mo Tún Pè Wọlé

 

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni ọ̀rọ̀ tòní. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá du oyè kan, tí ọ̀kan jẹ ẹ́, tí èkejì kò jẹ ẹ́, kí ló yẹ kí ẹni tó jẹ oyè ṣe sí ẹni tí kò jẹ? Ṣé kí ó lé e kúrò nílùú ni? Ṣé kí ó fi í sílẹ̀ sílé rẹ̀, kí wọ́n máa wo ara wọn? Àbí kí ó ránṣẹ́ pè é, kí ó fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí ó ní, "Wá, jẹ́ ká jọ ṣe é"?

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni kan tilẹ̀ wà tí ojú rẹ̀ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 1975, ó sá kúrò nílùú nítorí ìjọba kan. Ní ọdún 1996, olórí ìjọba yẹn kan náà ló pè é, tó fi í ṣe olórí àwọn mínísítà. Orúkọ olórí náà ni Mathieu Kérékou. Orúkọ ẹni tó pè ni Adrien Houngbédji. Ìtàn àwọn méjèèjì la fẹ́ sọ lónìí, kí a lè mọ ohun tó wà nínú irú ìpè bẹ́ẹ̀, èyí tó dára níbẹ̀ àti èyí tó léwu.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ mélòó kan dájú.

Ààrẹ ni olórí ìlú tí a fi ìbò yàn. Mínísítà ni ẹni tí ààrẹ gbé iṣẹ́ kan lé lọ́wọ́. Ọ̀kan ń bójú tó iṣẹ́ oko, ọ̀kan ń bójú tó ilé ìwé, ọ̀kan ń bójú tó owó ìlú. Bí gbogbo wọn bá jókòó pọ̀ pẹ̀lú ààrẹ, òun là ń pè ní ìgbìmọ̀ ìjọba.

Ilé Aṣòfin ni ilé tí àwọn aṣojú wa ń jókòó sí ní Àjàṣẹ́ láti ṣe òfin, àti láti bi ìjọba léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Òfin ìpìlẹ̀ ni òfin tó ju gbogbo òfin lọ. Òun ló ń sọ bí a ṣe ń yan ààrẹ, ohun tí ààrẹ lè ṣe, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe.

Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ìlú wa gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Dàhòmì ni wọ́n ń pe ìlú náà nígbà yẹn. Àwọn mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú òṣèlú. Hubert Maga ni àwọn ará òkè, níhà Pàràkú, ń tẹ̀ lé. Sourou-Migan Apithy ni àwọn ará Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Justin Ahomadégbé ni àwọn ará ìhà Agbómè ń tẹ̀ lé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Olúkúlùkù ní àwọn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn tirẹ̀ pọ̀ tó láti nìkan mú ìlú. Ẹni méjì ní láti para pọ̀ kí wọ́n tó lè borí ẹni kẹta. Ní ìparí ọdún 1960, Maga di ààrẹ, ó sì mú Apithy ṣe igbákejì rẹ̀. Ahomadégbé wà níta. Ní ọdún 1961, wọ́n fi Ahomadégbé sẹ́wọ̀n.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Maga. Christophe Soglo ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba padà fún àwọn olóṣèlú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, ìgbá ti yí. Apithy di ààrẹ, Ahomadégbé di igbákejì rẹ̀, òun náà sì ni olórí àwọn mínísítà. Ó wá ku Maga níta.

Ṣé àwọn méjèèjì ṣe é pọ̀? Rárá o. Àgbò méjì kì í mu omi nínú igbá kan. Ní ọdún 1965, wọ́n jà lórí ẹni tí wọn ó fi ṣe olórí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Èyí ní òun ló tọ́ sí láti yan án, ìyẹn ní òun ni. Ìjà náà kò tán. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1965, Soglo ní kí àwọn méjèèjì fi ipò sílẹ̀.

Ní ọdún 1970, wọ́n tún dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan, kí olúkúlùkù ṣe olórí fún ọdún méjì. Maga ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí ọdún méjì rẹ̀ pé ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, ó gbé àga fún Ahomadégbé láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n Ahomadégbé kò tíì lo oṣù mẹ́fà tí àwọn ológun fi tún dé. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1972, Kérékou, tí í ṣe ológun, gba ìjọba. Wọ́n há àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lé, títí di ọdún 1981.

Àwọn ará Kétu mọ ọgbọ́n à-jẹ-yí-ká tipẹ́tipẹ́. Ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu: Aláàpíní, Mágbò, Àró, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. Bí ilé kan bá jẹ lónìí, ó di kí ó yí ká. Ilé tí kò kàn lónìí mọ̀ pé yóò kàn òun lọ́jọ́ kan. Àwọn àgbà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ bí ètò náà ṣe ń lọ. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti ọdún 1970 ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mẹ́ta ló gbé e ró. Kò sí àgbà kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ká ológun.

Ẹni tó sá lọ

Kérékou jókòó sórí àga. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, ó kéde ní Agbómè pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìlú yóò máa tọ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1975, ó yí orúkọ ìlú padà, Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni òfin gbà láàyè. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kí ó pa á mọ́ sínú ni, tàbí kí ó sá.

Agbẹjọ́rò ni Adrien Houngbédji. Wọ́n bí i ní Aplahoué ní ọdún 1942, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni ìlú tí agbára rẹ̀ nínú òṣèlú ti wá. Ní ọdún 1975, ó bọ́ sọ́wọ́ ìbínú ìjọba, ó sì sá kúrò nílùú. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbòǹgbò ìtàn wa. Ìjọba tí Kérékou jẹ́ olórí rẹ̀ ló ní kí Houngbédji kú. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ní ilẹ̀ òkèèrè.

Nígbà tí ó di ọdún 1989, owó tán lápò ìjọba. Àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù púpọ̀ láìgba owó oṣù. Àwọn báńkì kò rí owó san fún àwọn tó fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jáde sí títì. Ní ọdún náà, ìjọba dárí ji àwọn tó ti sá lọ. Houngbédji padà wálé. Ní oṣù kejìlá, Kérékou ní òun kò tẹ̀ lé ọ̀nà Marx àti Lenin mọ́.

Láti ọjọ́ kọkàndínlógún títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n ṣe Àpérò Ńlá ní Kútọnu. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló ṣe alága rẹ̀. Àpérò náà pinnu pé ọwọ́ òun ni àṣẹ ìlú wà. Kérékou ní àwọn ológun lẹ́yìn, ó lè sọ pé òun kò gbà. Ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1990.

Ní oṣù kẹta ọdún 1991, a dìbò. Nicéphore Soglo wọlé. Bí a bá ka ìbò ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ó ní nǹkan bí 68, Kérékou ní nǹkan bí 32. Kérékou gbé ìjọba fún un, ó sì lọ sílé rẹ̀. Houngbédji náà ti du ipò ààrẹ lọ́dún yẹn, kò mú un, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin fi í ṣe olórí Ilé Aṣòfin, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1995.

Ìbò ọdún 1996

Ọdún márùn-ún Soglo pé. Ìgbà tirẹ̀ kò rọrùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n já iye owó séfà sí méjì. Tẹ́lẹ̀ rí, 50 séfà ni a fi ń gba owó Faransé kan. Láti ọjọ́ náà, ó di 100. Oògùn ilé ìwòsàn, epo ọkọ̀, àti gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí ìjọba.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1996, a tún jáde láti dìbò. Ẹ jẹ́ ká ka èsì rẹ̀ pa pọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbò:

Soglo ní nǹkan bí 36.
Kérékou ní nǹkan bí 34.
Houngbédji ní nǹkan bí 20.
Bruno Amoussou ní nǹkan bí 8.
Àwọn yòókù pín ìyókù.

Òfin sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti ní ju ìdajì lọ, ìyẹn ni pé kí ó ní ju 50 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó ní i. Nítorí náà, àwọn méjì tó ṣíwájú ní láti tún bá ara wọn du ú, àwọn yòókù sì jáde kúrò nínú ìdíje.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Láàárín Soglo àti Kérékou, ìbò méjì péré ló wà. Ìbò 20 sì wà lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ lé Houngbédji. Ẹni tí ìbò wọ̀nyí bá lọ bá ni yóò wọlé. Ẹni kẹta tí kò wọlé ló wá di kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ibo ni Houngbédji máa lọ? Soglo kò fi í sẹ́wọ̀n rí, kò sì dá ẹjọ́ ikú fún un rí. Ìjọba Kérékou ló ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Kérékou ló lọ. Ó ní kí àwọn tirẹ̀ dìbò fún Kérékou. Amoussou náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, a dìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kérékou ní nǹkan bí 52, Soglo ní nǹkan bí 48. Ọkùnrin tí ìlú ti fi ìbò yọ ní ọdún 1991, ìlú fi ìbò dá a padà.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, Kérékou búra. Nígbà tó ń búra, ó fo ibi tí òfin ti ní kí ààrẹ pe àwọn baba ńlá wa. Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní ìbúra náà kò pé, àfi kí ó tún un ṣe. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, ó tún un ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Ẹni tó fi ìbọn jókòó sórí àga ní ọdún 1972, ilé ẹjọ́ ní kí ó tún ọ̀rọ̀ sọ ní ọdún 1996, ó sì tún un sọ. Ìlú ti yí padà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1996, ó fi Houngbédji ṣe olórí àwọn mínísítà.

Kí ló dé tó fi pè é?

Àwọn kan rò pé oore nìkan ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìhà mẹ́rin.

Èkíní, gbèsè ni. Ẹni tó bá ọ gbé ẹrù dórí kò ní dúró níta nígbà tí o bá ń tú ẹrù náà. Láìsí ìbò àwọn ará Houngbédji, Kérékou kì bá tí wọlé.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìhà ìlú ni. Ọmọ òkè ni Kérékou, láti ìhà Natitingou. Bí ìjọba bá kún fún àwọn ará òkè nìkan, àwọn ará ìsàlẹ̀ yóò ní kò kàn wọ́n. Nígbà tí ẹni tí Àjàṣẹ́ ń tẹ̀ lé bá wà níbẹ̀, ará Àjàṣẹ́ yóò rí ojú ẹni tó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ Ilé Aṣòfin ni. Ààrẹ nìkan kò lè ṣe òfin, kò sì lè ná owó ìlú láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin gbà. Ẹgbẹ́ Houngbédji ní àwọn aṣòfin níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó ń bá ọ jẹun nínú àwo kan náà kò ní lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa bú ọbẹ̀ náà. Èyí náà wà nínú rẹ̀, kí a má tan ara wa. Bí o bá pe abánidupò rẹ wọlé, o ti dín àwọn tó ń bá ọ wí kù.

Kí wá ló mú kí Houngbédji náà gbà? Ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìjọba, kí ìlú lè rí i ṣe. Ó sì mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ, pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bi òfin ìpìlẹ̀ léèrè. Kí ló sọ nípa olórí àwọn mínísítà? Kò sọ nǹkan kan. Òfin ọdún 1990 kò dá irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ààrẹ ni olórí ìjọba, ààrẹ ló ń yan àwọn mínísítà, ààrẹ ló ń pín iṣẹ́ fún wọn, ààrẹ náà sì ni wọ́n ń jíhìn fún.

Nítorí náà, ipò Houngbédji dà bí ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ilé náà lè dára, ó lè ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ lè ní kí o kó jáde lọ́jọ́ tó bá wù ú, o kò sì ní rí ìwé kankan fi hàn án. Iṣẹ́ tí ààrẹ bá fún un ló ní. Èyí tí ààrẹ bá gbà padà, ó ti lọ nìyẹn.

Ọdún méjì kọjá. Ní ọdún 1998, nǹkan le. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù wọn. Omi lọ sílẹ̀ nínú odò Volta ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí iná mànàmáná wa ti ń wá nígbà náà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sì wà lókùnkùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1998, Houngbédji kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jáde. Nígbà tí Kérékou tún ìjọba tò, kò fi ẹnì kankan sí ipò náà mọ́. Ipò náà ṣófo títí di ọdún 2011.

Ẹ̀yin ará, ṣé a ó wá sọ pé ìpè náà já sófo? Ẹ dúró ná. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1961, ẹni tó wà níta lọ sẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1965, nígbà tí àwọn méjì jà, ológun ló là wọ́n. Ní ọdún 1975, ẹni tí ìjọba bínú sí sá lọ, ikú sì ń lé e. Ní ọdún 1998, Houngbédji kó ìwé rẹ̀, ó lọ sílé rẹ̀. Kò sí ológun tó jáde, kò sí ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n, kò sí ẹni tó sá. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, a dìbò fún àwọn aṣòfin. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìjọba ní ìjókòó 42 nínú 83. Wọ́n sì fi Houngbédji ṣe olórí Ilé Aṣòfin. Láti ibẹ̀ ló ti ń bi ìjọba Kérékou léèrè, pẹ̀lú àṣẹ òfin. Lẹ́yìn náà, ó ṣe olórí ìlú Àjàṣẹ́ láti ọdún 2003, ó sì tún padà jẹ́ olórí Ilé Aṣòfin láti ọdún 2015 sí 2019. Kérékou ní tirẹ̀ parí ìgbà rẹ̀ ní ọdún 2006, ó lọ sílé. Ó kú ní ọdún 2015.

Ó hàn pé ìfiwọlé nìkan kọ́ ló gba ìlú là. Ohun tó gbà á là ni pé ọ̀nà àbájáde wà. Ilé tí ènìyàn lè wọ̀, tí ó sì lè jáde kúrò nínú rẹ̀ láìfarapa, ilé rere ni.

Àwọn tó tẹ̀ lé e

Kérékou kò jáwọ́ nínú àṣà náà. Ní ọdún 1999, ó mú Bruno Amoussou, tó ti bá a du ipò ní ọdún 1996, sínú ìjọba. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, ìbò tún dé. Soglo àti Houngbédji ní ètò ìbò náà kò mọ́, wọn kò sì dúró fún ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ku Kérékou àti Amoussou, ààrẹ àti mínísítà rẹ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn du ipò. Kérékou ní nǹkan bí 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè nígbà náà pé, irú ìjàkadì wo ni kí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa bá ara wọn jà? Ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí gbogbo abánidupò bá wọ inú ilé tán, ta ni yóò dúró níta láti sọ pé òrùlé ń jò?

Ní ọdún 2016, Patrice Talon wọlé. Òun náà pe méjì nínú àwọn tó bá a du ipò ní ìbò àkọ́kọ́, Abdoulaye Bio Tchané àti Pascal Koupaki, ó fi wọ́n ṣe mínísítà ńlá. Ní Tógò, ní ọdún 2006, lẹ́yìn ìjíròrò tí wọ́n ṣe ní Ouagadougou, Faure Gnassingbé fi Yawovi Agboyibo, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò kan, ṣe olórí àwọn mínísítà. Ìwọ̀nyí fi hàn yín pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ti àtijọ́.

Kí ló kàn wá ní abúlé?

Ó kàn wá gidigidi. Ẹ rántí bí ìgbà ìbò ṣe máa ń rí. Ọmọ ìyá méjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ yìí kì í ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyàwó ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ ọ̀hún. A máa ń gbé ìkúùkù sí ara wa lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìbò. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá méjèèjì á jókòó ní Kútọnu, wọ́n á jọ mu omi nínú ife. Àwa tí a wà lábúlé, a kò ní tíì máa kí ara wa.

Bí Kérékou àti Houngbédji bá lè jókòó pọ̀, lẹ́yìn ẹjọ́ ikú, kí ló dé tí ìwọ àti àbúrò rẹ kò lè jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìbò? Ẹ dìbò fún ẹni tó wù yín. Ẹ má fi ojúlùmọ̀ yín ṣe owó orí rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ìbò yín kì í ṣe ẹrù tí ẹni tí ẹ yàn lè gbé fún ẹlòmíràn láìsọ fún yín. Bí ẹni tí ẹ dìbò fún bá lọ bá ẹlòmíràn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé, "Kí lo gbà níbẹ̀? Ṣé fún wa ni, àbí fún ara rẹ? Iṣẹ́ wo lo máa ṣe, ta ni ó fún ọ láṣẹ, níbo la kọ ọ́ sí?" Ẹni tó mọ̀wé kà lè béèrè ìwé. Ohun tí a ń kọ́ ìwé fún nìyẹn.

Ohun kẹta wúlò fún ẹgbẹ́ olówùú, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pàápàá. Bí ẹ bá yan alága, tí ẹ sì fẹ́ fi ẹni tó bá a du ipò náà ṣe igbákejì, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ iṣẹ́ olúkúlùkù sínú ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó? Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé? Bí wọ́n bá jà, ta ni yóò dá wọn lẹ́jọ́? Apithy àti Ahomadégbé kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, ìjọba sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ sọ ọ́

Nígbà tí ẹ bá kà á tán nínú ẹgbẹ́ ìkàwé yín, ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Nínú ìdí mẹ́rin tí a kà sílẹ̀, èwo ni ẹ̀yin rò pé ó lágbára jù? Kí ló dé?
2. Bí ẹ bá jẹ́ Houngbédji ní ọdún 1996, ṣé ẹ ó gbà?
3. Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ló ń bi olórí léèrè? Ṣé ẹni náà lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù?

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí kò tíì mọ̀wé kà. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn àgbà tó rí ọdún 1965, ọdún 1972 àti ọdún 1990 sọ ohun tí ojú wọn rí fún àwọn ọmọ, nítorí ohun tó wà lórí ìwé kò tó ohun tó wà nínú wọn.